Orúkọ Bàbá Rúùtù

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí àwa àgbà tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe, kí àwọn lè rí ohun tí àwọn máa fi yan tiwọn. Awakọ̀ ojú irin kan ti kọ tirẹ̀, nọ́ọ̀sì kan náà ti kọ. Ó wá kàn mí. Ẹ má bẹ̀rù, n kò ní rọ̀ yín kí ẹ wá ṣe iṣẹ́ mi, nítorí iṣẹ́ náà ti kú, èmi gan-an sì wà níbẹ̀ nígbà tó ń kú lọ. Òǹtẹ̀wé ni mí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi jókòó sídìí taipuráítà ní Sabon Gari, ní Kano níbí, tí mò ń bá àwọn èèyàn tẹ lẹ́tà, ìwé ẹ̀bẹ̀, àdéhùn ilé àti ìwé ìbúra. Àwọn Hausa ń pè mí ní Malama, àwọn Ìgbò ń pè mí ní Madam, àwọn tiwa ń pè mí ní Àǹtí Táípù, títí irun mi fi funfun tí mo di Màmá Táípù.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Mo ní ojúmìító. Láti kékeré ni, ìyá mi nà mí títí nítorí rẹ̀, kò lọ. Mo máa ń fẹ́ mọ ibi tí èèyàn ti wá, ta ló bí i, kí ló dé tó fi kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ mi ló wá sọ àbùkù yìí di ohun tí mo fi ń jẹun, torí kò sẹ́ni tó máa jókòó níwájú òǹtẹ̀wé tí kò ní sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé tí mo tẹ̀, ẹyọ kan péré wà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ sí. Ìwé náà padà wá bá mi lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo rò pé mo ti sinmi. Mo máa sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Bàbá mi, ọmọ Ọ̀fà tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Fágbèmí, òǹtẹ̀wé kan ní Ibo Road, nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀gá ní kí n na ìka ọwọ́ mi, ó wò wọ́n, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn. Èèyàn kúkúrú ni. Ó máa ń de táì nínú ooru Kano yìí, n kò sì rí i kó tú u rí, àní nínú oṣù kẹrin tí ewúrẹ́ pàápàá ń wá ibòji kiri.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó ti oníbàárà, kí n gbọ́ ohun tó fẹ́ kọ, kí n wá lọ sọ ọ́ fún ọ̀gá. Ẹ̀yin náà á ní kí ló le níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin Hausa kan tó ń ta awọ wá, ó fẹ́ kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Maiduguri. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó ń ju ọwọ́. Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní, "Ó ní kí ẹ bá òun kí ẹ̀gbọ́n òun, ó ní nǹkan ò rọgbọ nílé." Ọ̀gá dìde, ó lọ bi ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Ka ce masa na yi fushi." Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé inú ń bí òun, pé kí ló dé tí kò wá síbi ìsìnkú bàbá àwọn. Ọ̀gá yíjú sí mi.

"Ta ló bẹ̀ ẹ́ kí o bá a tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe?"

"Ọ̀gá, mo rò pé tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ìjà lè dé."

"Ṣé ìwọ lo ni ìjà wọn ni? Ohun tó sọ ni kí o sọ. Padà lọ gbọ́ ọ."

Mo padà lọ gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà tún gbogbo rẹ̀ sọ látìbẹ̀rẹ̀, ìbínú rẹ̀ sì ti wá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí ọ̀gá wá gbà kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo ọwọ́ mi kí n má baà rí lẹ́tà tí mò ń tẹ̀. Ó máa jókòó, á kẹ̀yìn sí mi, á máa ka ìwé ìròyìn. Etí ló fi ń gbọ́ àṣìṣe. Bí ìka mi bá ṣì lẹ́tà tẹ̀, kò ní wẹ̀yìn, á kàn ní, "Yọ ọ́." Mo máa yọ ìwé náà, mo máa ki tuntun bọ̀ ọ́, mo máa bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìn-ín-ní, kódà bó jẹ́ pé ìlà tó kẹ́yìn ni mo wà. Rọ́bà ìpàwérẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Mo sunkún, mo ṣépè fún un nínú ikùn mi, mo sọ fún ìyá mi pé ìkà ni. Títí dòní, n kò mọ bó ṣe ń fi etí mọ lẹ́tà. Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí èmi náà di ọ̀gá, n kò rí i ṣe.

Òfin kan tún wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kì í yẹ̀. Kò sí ìwé tí oníbàárà máa fọwọ́ sí tí a kò ní kọ́kọ́ kà á sí i létí, ní èdè tó gbọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé kà. Ohun tí ẹnu wa bá sọ pé ó wà nínú ìwé náà ni wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, wọ́n á sì tẹ àtàǹpàkò wọn sí i. Ọ̀gá máa ń dìde dúró nígbà tí a bá ń kà á, táì lọ́rùn, bí ẹni tó wà níwájú pẹpẹ.

Lẹ́yìn ọdún méje, ó fún mi ní òmìnira. Mo gbé tábìlì àti taipuráítà àlòkù kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alájà kan ní Niger Street. Ẹ̀rọ náà ní àléébù kékeré kan: lẹ́tà "t" rẹ̀ máa ń fò sókè díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ kò wọ́n nítorí ìyẹn.

Ìwé tí mo tẹ̀ jù ni ìwé ìbúra ọjọ́ orí. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ọsibítù kò lè mọ̀ ọ́n. Nígbà ayé wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n bí sílé tí kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Tí ọmọ náà bá wá fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga tàbí iṣẹ́ ìjọba, àfi kí àgbà kan nínú ẹbí lọ búra ní kọ́ọ̀tù pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n bí i, pé lágbájá ni bàbá rẹ̀, lámọ́rín sì ni ìyá rẹ̀. Àwa la máa tẹ̀ ẹ́, akọ̀wé kọ́ọ̀tù á lu òǹtẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni ìjọba mọ̀ ọ́n sí.

Àwa òǹtẹ̀wé Sabon Gari sì ní àṣà kan tí kò sí nínú òfin kankan. Tí bàbá ọmọ bá ti kú tàbí tó ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, tí ẹbí bá sì bẹ̀ wá, a máa ń kọ ẹni tó sọ ọmọ náà lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ sí àyè bàbá. Ó lè jẹ́ bàbá ìyá ọmọ, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ẹni tó fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu, tó bọ́ ọ, tó rán an níléèwé, ta ló fẹ́ sọ pé kì í ṣe bàbá? Lójú wa, kì í ṣe irọ́ rárá. Bí a ṣe ń ṣe é nílé la ṣe gbé e dé kọ́ọ̀tù.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Rúùtù wá sídìí tábìlì mi. Alágbàfọ̀ ni, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, ó máa ń fọṣọ fún àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní ìlú yìí. Ọ̀kan nínú wọn, bíríkìlà ọmọ Ítálì tó ń jẹ́ Píẹ́tírò, ni ó bí Rúùtù fún. Píẹ́tírò kì í ṣe òyìnbó aláṣẹ. Ìṣẹ́ ló lé e kúrò ní abúlé wọn, gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ́ ṣe lé bàbá tèmi kúrò l'Ọ́fà. Wọ́n ní ó máa ń bá àwọn lébìrà jókòó jẹ tuwo pẹ̀lú ọwọ́. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ ṣèrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì àgùdà, ó sì fọwọ́ sí ìwé ìrìbọmi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìkómọ nílé, kò mọ àṣà wa, ó kàn jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, Bùrọ̀dá Àlàó tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Màmá Rúùtù ló sọ ọmọ náà lórúkọ. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ gbé Píẹ́tírò lọ sí Jos, ibà sì pa á síbẹ̀ kí Rúùtù tó pé ọmọ ọdún méjì.

Rúùtù ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi, ó fẹ́ wọ ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Pupa ni, irun rẹ̀ rọ̀, ó sì ń fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àwọn oníbàárà mìíràn jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo bi Màmá Rúùtù pé ta ni bàbá ọmọ. Ó pe orúkọ Píẹ́tírò ketekete, ó sì fi orúkọ ìdílé rẹ̀ tó gùn yẹn tì í. Obìnrin méjì lórí bẹ́ǹṣì wo ara wọn, ọ̀kan fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Rúùtù rí wọn. Èmi náà rí i pé ó rí wọn.

Àánú ọmọ náà ṣe mí. Mo ní lọ́kàn mi pé tí ìwé yìí bá dé ilé-ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á máa pè é ní ọmọ òyìnbó tí kò ní ilé bàbá. Mo bá tẹ orúkọ Bùrọ̀dá Àlàó. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Nígbà tó wá kan kíkà, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo kà á fún Màmá Rúùtù ní Yorùbá láti òkè délẹ̀, mo sì ka Píẹ́tírò níbi tí mo tẹ Àlàó sí. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ti gbọ́kàn lé iṣẹ́ mi, kì í tún ìwé tí mo bá tẹ̀ kà, ó lu òǹtẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo rò pé mo ti ṣe ọmọ ọlọ́mọ lóore.

Ayé ń lọ, ẹ̀rọ ń yí padà. Èyí tó ń lo iná mànàmáná dé, ó yára bí ìdán, ṣùgbọ́n iná máa ń lọ láàárín gbólóhùn, oníbàárà á wá jókòó tì ẹ́ títí tí iná fi máa dé. Lẹ́yìn náà ni kọ̀mpútà dé. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí mo lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tí mo lè bí. Ohun tó kọ́kọ́ fi hàn mí ni bí wọ́n ṣe ń pa lẹ́tà rẹ́ tí ibi tó wà kò ní hàn rárá. Mo fi odidi wákàtí kan tẹ orúkọ ara mi, mo ń pa á rẹ́, mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà rò pé orí mi ti dàrú. Mo kàn ń ronú ohun tí Ọ̀gá Fágbèmí ì bá sọ ni. Nígbà tí fóònù wá dé tí olúkúlùkù ń kọ lẹ́tà ara rẹ̀ lórí ìdúró, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé taipuráítà àkọ́kọ́ yẹn wálé, mo fi aṣọ bò ó.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án. Ó lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, ó sì gbé báàgì awọ kan tó rẹwà kọ́ apá.

"Mama, ina wuni," ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi ní Hausa. "Mummy mi ní ẹ̀yin lẹ máa ń type ìwé nígbà yẹn."

"Ta ni mummy ẹ?"

"Nurse Ruth. Ní Yankaba. Tóyìn lorúkọ mi."

Mo rántí ìwé yẹn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé Rúùtù ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì káàkiri Kaduna àti Jos, n kò mọ̀ pé ó ti padà wá fẹ̀yìn tì sí Kano. Mo ní kí Tóyìn jókòó, mo gbé kúlíkúlì síwájú rẹ̀. Ó ní òun ló rán báàgì náà, pé awọ ewúrẹ́ Kano ni òun fi ń rán báàgì àti bàtà, ṣọ́ọ̀bù òun sì wà ní Ibo Road. Ó fẹ́ lọ kọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ní Ítálì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀ láti fún un ní físà. Ẹnìkan wá sọ fún un pé tí bàbá ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Ítálì lóòótọ́, kò nílò físà kankan. Yorùbá tí mo ń sọ yé e dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, Pidgin ló fi ń dá mi lóhùn.

Ojúmìító mi borí ìbẹ̀rù mi. Mo ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ èèyàn di ọmọ ìlú wọn?"

"Mama, dem no dey make you. Dem go say you don be Italian since the day dem born you. You just dey prove am."

"Ìyẹn ni pé ọmọ Ítálì ni ẹ́ báyìí, bó o ṣe jókòó yìí?"

"If paper complete, eh."

"Tó o ń jẹ kúlíkúlì mi?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà mú mi lọ́kàn gan-an. Mo ní kó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní tẹ́lẹ̀, èèyàn lè tọ ẹsẹ̀ baba-ńlá tó ti jìnnà, àwọn tí bàbá bàbá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ṣe àtìpó ní òkè òkun ń wá láti ibi gbogbo. Ó ní wọ́n ti wá fún òfin náà pọ̀, ó ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òbí ẹni tàbí òbí òbí ẹni, òun sì bọ́ sí i. Mo ronú nípa ìwé ọmọ ìbílẹ̀ tiwa. Kano ni wọ́n bí mi sí, Kano ni wọ́n bí àwọn ọmọ mi sí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ yunifásítì, Ọ̀fà la lọ gba ìwé pé ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n, níbi tí wọn kò mọ ọ̀nà ọjà pàápàá. Akọ̀wé tó fún wa kò bi wọ́n bóyá wọ́n mọ Ọ̀fà. Ó bi wọ́n ní orúkọ bàbá bàbá wọn. Mo sọ ọ́ fún Tóyìn, mo ní àwọn ará Ítálì yìí, bí àwa ni wọ́n ṣe ń ronú. Ó ní, "Wallahi, Mama, na so!"

Ó wá tú ìwé rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti kọ lẹ́tà sí abúlé Píẹ́tírò, wọ́n sì ti rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìbí níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Mo gbé ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ó ní ẹ̀dà ìwé ìrìbọmi tí Píẹ́tírò fọwọ́ sí, ó ní ìwé ìgbéyàwó ìyá rẹ̀, ó ní ìwé ìbí tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó wá fa ìwé kan yọ gbẹ̀yìn, kí ó tó sọ ohun tó jẹ́, mo ti rí àwọn "t" inú rẹ̀ tí wọ́n fò sókè.

"Na only this one spoil am. Dem put Grandpa Àlàó as father. Na this paper Mummy take enter school, take get work, take collect pension. Lawyer say as this paper dey, I no get case. Court fit cancel am, but who go come talk say e no correct? Grandma don die. Grandpa Àlàó don die."

 Ó wo taipuráítà tí aṣọ bò lórí tábìlì mi.

"Mama, no vex. Ṣé ẹ̀rọ ìgbà yẹn ni? Abeg, ẹ bá mi type òmíràn. Same date, kí ẹ fi orúkọ tó correct sí i. Mo mọ ẹnìkan tó ní old paper tí wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí. It's not a lie, Mama. Na truth we wan write."

Ẹ̀yin ọmọ, n kò ní tàn yín, ó wù mí. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, Tóyìn á rí ohun tó fẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tí mo ṣe fún ìyá ìyá rẹ̀. Ìka mi ṣì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí àyédèrú kan nínú ìwé rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa bà jẹ́, yóò sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì tí mo máa fi àánú ba ti ìdílé yẹn jẹ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n ronú.  Lọ́jọ́ kẹta, mo pè é pé kí ó wá gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. A wọ Adaidaita Sahu, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a forí lé Yankaba.

Rúùtù kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti di ìyá àgbà, irun rẹ̀ ti funfun. "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ jókòó." N kò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró: ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, ohun tí mo tẹ̀, ohun tí mo kà.

Rúùtù fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí àga tó nà sí mi.

"Kí lẹ ní ẹ kà sí i létí?"

"Píẹ́tírò."

"Ó sì wà níbẹ̀ pé Àlàó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àǹtí, ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní tí mo dé iléèwé ni mo ka ìwé yẹn. Nígbà tí mo wá sílé fún họ́lídè, mo bi Màmá mi. Mo ní, ẹ sọ fún mi pé òyìnbó yẹn ni bàbá mi, ẹ wá lọ sọ ohun mìíràn ní kọ́ọ̀tù, èwo ni irọ́? Wọ́n ní orúkọ bàbá mi gan-an làwọn sọ. Wọ́n ní Àǹtí Táípù kà á sí àwọn létí. Wọ́n gbé Bíbélì, wọ́n fi búra. Mo ní irọ́ ni, mo ní ojú mi ló ń tì wọ́n. Mo pe ìyá mi ní òpùrọ́, Àǹtí. A ò sọ̀rọ̀ bàbá mi mọ́ títí wọ́n fi kú."

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun kan tí mo ti ń sá fún. Lọ́dún tí Rúùtù wọ iléèwé yẹn, Màmá Rúùtù wá sídìí tábìlì mi nígbà kan tí kò sí ìwé tó fẹ́ tẹ̀. Ó dúró. Mo mọ̀ láti ojú rẹ̀ pé ó ní ìbéèrè. N kò gbórí sókè, mo ń tẹ̀wé lọ gbau gbau. Mo ní, "Ṣé kò sí, Màmá?" Ó ní kò sí, pé òun kàn ní kí òun kí mi ni. Ó lọ. Obìnrin tí kò mọ̀wé kà, kí ló fẹ́ bá mi jiyàn lé lórí? Èmi tí mo máa ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè, n kò bi í pé kí ló mú un wá. Mo sọ ìyẹn náà fún Rúùtù. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ sílẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ ní ọdún mẹ́sàn-án.

"Ẹ dìde, Àǹtí," ó ní. "Ẹ má fi ìkúnlẹ̀ yín dí mi lẹ́nu. Mo fẹ́ bínú sí yín. Ẹ jẹ́ kí n bínú dáadáa."

Mo dìde. Ó bú sẹ́kún, Tóyìn gbá a mọ́ra. Ó ń sọ pé, "Ìyá mi ò sẹ́ mi. Tóyìn, ìyá mi ò sẹ́ mi." Ọ̀rọ̀ Ítálì kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Mo lọ búra ní kọ́ọ̀tù. Akọ̀wé tó gba ìwé mi, ọmọbìnrin kan, kà á tán pátápátá, ó wò mí. "Mama, you sabi say na yourself you dey accuse so?" Mo ní mo mọ̀. Adájọ́ gbọ́ mi, ó bi mí ní ìbéèrè tó pọ̀, ó sì fagi lé ìwé àtijọ́ náà. Tóyìn ti kó gbogbo ìwé rẹ̀ lọ fún lọ́yà. Wọn kò tíì dá a lóhùn, ó ṣì ń rán báàgì ní Ibo Road. Ó máa ń yà kí mi, èmi náà máa ń bi í pé ibo ni wọ́n bá a dé, ọ́fíìsì wo ló kù, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní mo ń bèèrè ju lọ́yà lọ.

Ṣùgbọ́n Rúùtù kò wá. Tí a bá pàdé lọ́nà, á kúnlẹ̀ kí mi, á sì kọjá. Oṣù mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ní kí n gbà yín nímọ̀ràn lórí iṣẹ́. Iṣẹ́ tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe. Kí ẹ kàn mọ̀ pé ẹni tó jókòó níwájú yín mọ ohun tó fẹ́ sọ, kò bẹ̀ yín kí ẹ bá a yí i padà. Èmi kọ́ ọ láti ọdún kìn-ín-ní mi, mo sì tún kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí àánú dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rúùtù wá sílé mi. Ó mú ìwé ajákọ tuntun kan lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ kí n kọ gbogbo ohun tí mo rántí nípa ìyá òun lọ́jọ́ náà sínú rẹ̀: aṣọ tó wọ̀, ohùn tó fi sọ̀rọ̀, bó ṣe pe orúkọ náà, ohun tó sọ ṣáájú àti ohun tó sọ lẹ́yìn. Mo dìde kí n lọ ṣí aṣọ orí taipuráítà.

"Rárá, Àǹtí," ó ní. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó jókòó ti apá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde lẹ́nu bírò mi. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ bàbá rẹ̀, ó na ìka, ó fi lé etí ìwé náà, kò sì gbé e kúrò títí tí mo fi kọ lẹ́tà tó kẹ́yìn.